Iṣẹ́ Jápáànì Tí Wọ́n Ní Kí Á Yáwó Fún: Irú Iṣẹ́ Wo Ni?

 

Ní ìpàdé tí a ṣe ní Oǹdó kọjá, lẹ́yìn tí akápò ti ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde, ìyá kan nínú wa tó ń ta aṣọ dìde, ó ní òun fẹ́ yáwó. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ á rántí. Owó tí màmá béèrè kì í ṣe owó ọjà, kì í sì ṣe owó ilé kíkọ́. ₦1,800,000 ni, ó ní òun fẹ́ fi rán ọmọkùnrin òun lọ sí Jápáànì. Ọmọ náà ti jáde yunifásítì, ó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, ó sì ti fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta kọ́ èdè Jápáànì lórí fóònù. Ọkùnrin kan ló wá sọ fún wọn pé iṣẹ́ wà ní Tokyo fún ẹni tó bá gbọ́ èdè náà, kódà bí kò bá tíì ṣiṣẹ́ rí. Orúkọ tí ọkùnrin yìí pe iṣẹ́ náà nínú ìwé tó kọ ni “sustainability consultant”. Màmá na ìwé náà sí mi, ó ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, ìwọ lo kàwé. Iṣẹ́ wo ló ń jẹ́ báyìí? Ṣé iṣẹ́ ni àbí gbájúẹ̀?”

Kí n má parọ́ fún yín, n kò rí èsì fún màmá lọ́jọ́ náà. Ìwé girama tí mo kà kò dé ibẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní kí màmá fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ní kí n lọ wádìí. Mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo ka èyí tí mo lè kà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí màmá nìkan kọ́ ló ní ọmọ tó jáde ilé-ìwé tí kò tíì ríṣẹ́. Owó ẹgbẹ́ sì ni owó gbogbo wa. Bí owó tí ẹnì kan yá bá ṣòfò, ẹ̀yin onídùúró ni ọrùn yín yóò wọ̀ ọ́.

IṢẸ́ NÁÀ WÀ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: iṣẹ́ gidi ni. Bí ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá kò bá ṣe é fọkàn tán, ìyẹn kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó gígùn yẹn, sustainability, kò ṣòro bí a bá sọ ọ́ ní èdè wa. Ohun tó ń wí ni pé kí a máa jẹ nínú nǹkan lónìí, kí ó sì ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ wa lọ́la. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé a kì í jẹ iṣu tán kí a tún jẹ èbù mọ́ ọn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àwa gan-an, kí ni orúkọ wa? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. A jẹ, ó ṣẹ́kù. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá pe ara rẹ̀ ní sustainability consultant, ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ òun ni láti gba àwọn ilé-iṣẹ́ nímọ̀ràn bí wọn yóò ṣe jẹ tí yóò fi ṣẹ́kù.

Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀? Ìjọba, báńkì àti àwọn tó fi owó wọn dókòwò ló ń bi wọ́n léèrè. Epo mélòó lẹ jó lọ́dún yìí? Omi mélòó lẹ lò? Ọjà tí ẹ ń rà, ṣé inú igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló ti wá? Ṣé ọmọdé tó yẹ kó wà nílé-ìwé ló ṣiṣẹ́ rẹ̀? Ní ọdún 2025, ní oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìlànà irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ní Jápáànì, tí wọ́n ń pè ní SSBJ, gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lọ ní ọjà ìpín ìdókòwò Tokyo ni wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́ máa tẹ̀ lé e, kí ó tó kan àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ni kò ní òṣìṣẹ́ tó mọ ìṣirò yìí. Wọ́n a pe àwọn agbani-nímọ̀ràn wá, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń pe ọ́dítọ̀ wá wo ìwé wa lọ́dọọdún.

Ohun mìíràn tó jẹ́ òtítọ́ nínú ìwé ọkùnrin náà ni pé wọ́n ń gba ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ní Jápáànì, àṣà wọn ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́ wọn níṣẹ́.

OHUN TÍ ỌMỌṢẸ́ TUNTUN Ń ṢE

Ẹ má rò pé ọmọ tó wọlé lánàá ni yóò jókòó níwájú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí yóò máa gbà á nímọ̀ràn. Rárá o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìwé jọ: ìwé iná mànàmáná, ìwé epo, ìwé omi, ìwé ọkọ̀ tó kó ẹrù. Yóò tò wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, yóò ṣírò wọn, yóò wò ó bóyá iye oṣù yìí bá ti oṣù tó kọjá mu, bí kò bá bá a mu, yóò béèrè ìdí rẹ̀. Yóò kọ lẹ́tà ìbéèrè sí àwọn tó ń ta ọjà fún ilé-iṣẹ́ náà. Yóò túmọ̀ ìwé láti èdè kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá rẹ̀ yóò gba iṣẹ́ náà, tí yóò wá gbé e lọ síwájú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan hàn yín, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe idán. Lítà epo bẹntiróòlù kan, bí ó bá jó tán, ń tú nǹkan bí kílò 2.3 èéfín tí wọ́n ń pè ní carbon dioxide sínú afẹ́fẹ́. Ti dísẹ́ẹ̀lì jẹ́ nǹkan bí kílò 2.7. Ẹ lè bi mí pé báwo ni lítà epo kan tí kò wúwo tó kílò kan ṣe wá di kílò méjì lé díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí epo ti ń jó, ó ń fa nǹkan mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, èéfín náà sì wúwo ju epo lọ. Ó dáa. Ẹ mú oníṣòwò kan ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń jó lítà 10 lọ́sẹ̀. Kílò 23 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ 52, ó di kílò 1,196, ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ, láti ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Èéfín yìí wà lára ohun tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i, tí àkókò òjò kò fi ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé bíi ti àtijọ́ mọ́.

Ẹni tó lè ṣe ìṣirò yẹn fún ṣọ́ọ̀bù kan lè kọ́ bí a ti ń ṣe é fún ilé-iṣẹ́ tó ní ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́. Ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ni sùúrù, òtítọ́ àti ojú tó ń rí àṣìṣe. Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò tó ń bá mi ka káàdì ìfipamọ́ owó lóṣooṣù, ẹ mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

KÍ LÓ KAN ÈDÈ JÁPÁÀNÌ NÍNÚ RẸ̀?

Ìwé owó iná ilé-iṣẹ́ kan ní Osaka, èdè Jápáànì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀gá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ níbẹ̀, èdè Jápáànì ló ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi owó dókòwò láti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà fẹ́ kà á ní èdè òyìnbó. Ẹni tó gbọ́ méjèèjì ló lè dúró láàárín wọn. Ìdí nìyí tí ẹni tó gbọ́ èdè náà fi lè ríṣẹ́ kí ó tó mọ iṣẹ́ náà tán: wọ́n lè kọ́ ọ ní ìṣirò láàárín oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní èdè láàárín oṣù díẹ̀.

Èdè náà kì í ṣe kékeré. Oríṣi ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́ta ni wọ́n ń lò pọ̀. Hiragana ní àmì 46, katakana ní 46, bákan náà. Ẹ̀kẹta ni kanji, àwọn àmì tí wọ́n mú láti ilẹ̀ Ṣáínà, ìjọba wọn sì to 2,136 jọ gẹ́gẹ́ bí èyí tí àwọn ènìyàn ń lò lójoojúmọ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tí yóò rọrùn fún ọmọ Yorùbá ju òyìnbó lọ. Àwọn ará Jápáànì kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Bí àwa ti ní “o” àti “ẹ”, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tiwọn. Ọmọ tí a kọ́ ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ nílé kò ní bi wá pé kí ló dé.

Ìdánwò kan wà tí gbogbo ayé fi ń mọ ibi tí ènìyàn bá èdè náà dé. JLPT ni wọ́n ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984, láti ọdún 2010 ó sì ti ní ìpele márùn-ún, láti N5 tó rọrùn jù títí dé N1 tó le jù. Oṣù keje àti oṣù kejìlá ni wọ́n máa ń ṣe é. Ẹni tó wà ní N5 lè kí ènìyàn, kó sì ra búrẹ́dì. Fún iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, tí ènìyàn yóò máa ka òfin àti ìwé ìṣirò, N2 tàbí N1 ni ilé-iṣẹ́ sábà máa ń béèrè. Mo bi ọmọ màmá ibi tó dé. Ọmọ dáadáa ni, kò parọ́ fún mi. Ó ní òun kò tíì ṣe ìdánwò kankan, ṣùgbọ́n bí òun bá wo ìwé, òun rò pé òun wà láàárín N4 sí N3. Ìyẹn sọ nǹkan kan fún mi. Ẹni tó ní kí wọ́n mú ₦1,800,000 wá kò tilẹ̀ bi ọmọ náà ní ìbéèrè yìí.

IṢẸ́ YÌÍ TI WỌ OKO WA

Ẹ̀yin àgbẹ̀ inú wa lè máa sọ pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Tokyo. Ẹ dúró ná. Àwọn ọmọ tó ń wá sí oko kòkó yín pẹ̀lú fóònù, tí wọ́n ń rìn yí oko ká, tí wọ́n ń bi yín ní iye ọmọ yín àti oògùn tí ẹ ń fín, iṣẹ́ àjẹṣẹ́kù yìí kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ Tokyo ń kó ìwé jọ láti ilé-iṣẹ́, ti ibí ń kó o jọ láti oko.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní ọdún 2023. Ó ní kòkó, kọfí, epo ọ̀pẹ, rọ́bà, ẹ̀wà sóyà, igi àti màlúù kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn bí ó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 wá. Ẹni tó ń kó kòkó wọlé gbọ́dọ̀ fi hàn ibi tí oko náà wà gan-an. Oko tí kò ju héktà 4 lọ, ìyẹn nǹkan bí éékà mẹ́wàá, ojú àmì kan tó. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní láti ya ààlà rẹ̀ yípo. Ìparí ọdún 2024 ló yẹ kí òfin náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sún un sí ìparí 2025, wọ́n sì tún sún un sí ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 2026 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2027 fún àwọn kéékèèké. Kòkó wa tó ń lọ sí Yúróòpù pọ̀ gan-an, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kàn wá dé inú ilé.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọdún 2024, ọmọkùnrin kan wá wọn oko rẹ̀ ní ọ̀nà Ìdànrè. Òjò ń ṣú lọ́jọ́ náà, ọmọ kò fẹ́ kí bàtà òun ta ẹrẹ̀. Ó dúró sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi, ó tẹ fóònù rẹ̀, ó ní ó ti parí. Nígbà tí ìwé dé, oko ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí àárín ìlú! Ẹni tó fẹ́ ra kòkó rẹ̀ ní òun kò lè ra kòkó tó so lórí páànù ilé. Oṣù méjì gbáko ni kòkó náà fi wà nínú àpò kí wọ́n tó tún oko wọ̀n. Tiwa ṣì rọrùn. Ẹni tí oko rẹ̀ bá pààlà pẹ̀lú igbó ìjọba, bíi ti Olúwa tàbí ti Àkúrẹ́-Òfosù, ìṣísẹ̀ díẹ̀ tí ọmọ bá ṣì rìn lè sọ oko baba ẹni di oko inú igbó ìjọba lórí ìwé. Ẹ ò ri pé iṣẹ́ ọmọṣẹ́ tuntun kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Bí ìdí rẹ̀ kò bá dúró, gbogbo ìròyìn tí wọ́n kọ́ lé e lórí yóò wó.

Jápáànì náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Gánà ni èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó tí wọ́n ń lò ti ń wá. Lọ́dọ̀ àwa, ẹ̀kúkù tí àwọn ará Òkè Ọya ń pè ní rídí ni wọ́n ń rà púpọ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2006, òfin wọn ni pé oògùn oko tí wọn kò bá dá ìwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ fún, ohun tó bá ṣẹ́kù lára oúnjẹ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí àgbẹ̀ yóò ti gbọ́ ọ. Àpò kòkó 16 ni tọ́ọ̀nù kan. Ìwọ̀n yẹn jẹ́ gíráàmù kan ṣoṣo nínú àpò 1,600. Ẹni tó bá ṣì ń wá Gamalin 20 kiri ní kọ̀rọ̀ kí ó jáwọ́ o. Lindane tó wà nínú rẹ̀, àdéhùn àgbáyé ti fòfin dè é fún iṣẹ́ oko láti ọdún 2009. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, JICA, àjọ ìrànlọ́wọ́ ìjọba Jápáànì, dá àpérò kan sílẹ̀ tó kó àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì àti àwọn onímọ̀ jọ lórí bí kòkó kò ṣe ní pa igbó run àti bí ọmọdé kò ṣe ní máa ṣe iṣẹ́ àgbà níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n nílò ẹni tó gbọ́ èdè wọn. Wọ́n sì nílò ẹni tí bàbá àgbẹ̀ yóò sọ òtítọ́ fún ní èdè tirẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé bí bàbá bá ní “oko yìí ti pẹ́”, ó yẹ kí a bi í bóyá ṣáájú kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976 ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ tó bá lè gbọ́ ti bàbá Ìdànrè, kó kọ ọ́ ní èdè òyìnbó, kó sì tún lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ará Tokyo, ọmọ náà kì í ṣe ẹni tí à ń wá iṣẹ́ kiri fún.

Ọ̀NÀ TÓ MỌ́ ÀTI ÌBÉÈRÈ TÓ YẸ KÍ Á BÉÈRÈ

Ọ̀nà tó mọ́ wà láti dé Jápáànì. Ìjọba wọn ti ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ọdún 1954. MEXT ni wọ́n ń pè é, ó ń san owó ilé-ìwé, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ òfurufú, ẹ́ḿbásì wọn ní Àbújá sì ni ibi tí ènìyàn ti lè gba fọ́ọ̀mù. Èkejì ni ABE Initiative, tí wọ́n kéde ní ìpàdé TICAD ní Yokohama ní ọdún 2013. JICA ló ń bójú tó o. Ó wà fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì níbẹ̀, kí wọ́n sì lo àkókò díẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Jápáànì láti kọ́ iṣẹ́. Kò sí èyí tó ní kí ènìyàn san mílíọ̀nù fún alágbàtà kankan nínú méjèèjì.

Nílé níhìn-ín pẹ̀lú, FUTA ní Àkúrẹ́ ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ igbó àti ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mìíràn ń wá ka ìwé dókítà lórí ojú ọjọ́ lábẹ́ WASCAL. Omi wà lẹ́sẹ̀ wa, kí òùngbẹ má pa wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé òun ní iṣẹ́ òkè òkun fún ọmọ yín, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò:

Èkíní, kí ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ibo ló sì wà? Ilé-iṣẹ́ gidi kì í fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́.

Èkejì, ta ló fọ̀rọ̀ wá ọmọ náà lẹ́nu wò, èdè wo ni wọ́n sì fi ṣe é? Kò sí bí wọn yóò ṣe gba ọmọ nítorí èdè tí wọn kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìwé wo ni yóò fi wọ̀lú? Fún iṣẹ́ báyìí, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Certificate of Eligibility. Ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ni yóò bá a béèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwọ̀lú ní Jápáànì, kí ọmọ tó mú un lọ gba físà iṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí ọmọ fi físà àbẹ̀wò lọ ṣiṣẹ́ ń tì í sínú wàhálà ni.

Ẹ̀kẹrin, ṣé alágbàtà náà ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́? Òfin ilẹ̀ wa ló ní kó ní i. Bí ó bá sì dà bíi pé wọ́n fẹ́ kó ọmọ lọ ṣe ẹrú, NAPTIP tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ni owó náà wà fún? Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó fún yín ní rìsíìtì. Bí ó bá ní “ẹ tètè san kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, owó ń lọ sókè,” ẹ jẹ́ kó máa lọ. Iṣẹ́ gidi kì í ṣe tòmátì tó fẹ́ bàjẹ́.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ MÀMÁ JÁ SÍ

Alága, akápò àti èmi lọ sílé màmá ní Oǹdó. A kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé ìpàdé ni yóò ti gbọ́ ọ. Ọmọ fi fóònù pe alágbàtà náà lójú wa, ó sì bi í ní ìbéèrè márààrún. Nígbà tí wọ́n dé orí orúkọ ilé-iṣẹ́, ọkùnrin náà ní àṣírí ni. Nígbà tí wọ́n dé orí ìwé ìwọ̀lú, ó ní físà àbẹ̀wò ni wọn yóò fi wọlé, wọn yóò “tún un ṣe” bí wọ́n bá débẹ̀. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ó sì pa á.

Inú màmá bàjẹ́, n kò ní sọ pé kò bàjẹ́. Ó ní àwọn ọmọ ẹlẹgbẹ́ ọmọ òun ti japa tán, ti òun ló kù sílẹ̀ yìí. Alága ní, “Ẹ má bínú, màmá. Ẹni tó lọ tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ẹ ò tíì kà á mọ́ wọn.” Ilé pa rọ́rọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màmá ní kí wọ́n gbé omi wá fún wa.

Ohun tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí nìyí. Ẹgbẹ́ kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó láti san fún alágbàtà tí kò lè dáhùn ìbéèrè márààrún. Dípò bẹ́ẹ̀, a yá màmá ní ₦200,000, onídùúró méjì sì dúró fún un gẹ́gẹ́ bí òfin wa: owó kọ̀ǹpútà àlòkù kan, àti owó ìdánwò JLPT nígbà tí àkókò bá tó. Oṣù mẹ́wàá ni yóò fi san án. Ọmọ náà ti gbà láti bẹ̀rẹ̀ láti ilé: òun ni yóò bá wa to ìwé oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbin kòkó, yóò sì wọ inú oko, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe ẹrẹ̀. Ẹgbẹ́ yóò fún un ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ. Ìwé yẹn ni yóò fi han ẹnikẹ́ni tó bá bi í lọ́la pé kí lo ti ṣe rí.

Kò tíì dé Tokyo. Kódà kò tíì ṣe ìdánwò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ₦1,800,000 ṣì wà nínú àpótí ẹgbẹ́, kò sì sí onídùúró kankan tí kò rí oorun sùn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ọmọ náà bá dé oko yín, ẹ mú un yí ààlà ká, ẹ sọ òtítọ́ fún un nípa oògùn tí ẹ fín àti ọdún tí ẹ dá oko, kí ẹ sì béèrè ẹ̀dà ìwé tó bá kọ. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ èdè kan lórí fóònù, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ bi í pé, “Ìpele wo lo dé?” Bí ó bá dáhùn, ẹ wá rí wa.

Ìpàdé tó ń bọ̀ yóò wáyé ní Àkúrẹ́. Ẹ mú káàdì yín dání o.

Èmi ni akọ̀wé yín.